Ẹ tan TalkBack kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìkànnì ṣíṣe, ìkànnì tó rẹwà lójú yín lè ti ẹlòmíràn mọ́ ìta. Ohun tí iṣẹ́ yìí tẹnu mọ́ sí mi létí jù lọ nìyẹn.

Ẹni tí kò ríran ń lo fóònù bíi tiwa. TalkBack wà nínú Android, VoiceOver wà nínú iPhone, wọ́n á máa ka ohun tó wà lójú fóònù sí i létí. Ti kọ̀ǹpútà náà wà: NVDA, ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn; àwọn méjèèjì fúnra wọn ò ríran.

Mo jókòó ti arákùnrin kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, tó ń gba fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń fi ìka wọ́ ojú fóònù díẹ̀díẹ̀, fóònù ń sọ fún un pé: bọ́tìnnì tí kò lórúkọ, bọ́tìnnì tí kò lórúkọ. Ẹni tó ṣe ìkànnì náà ya àmì tó dára sórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò fún ọ̀kankan lórúkọ. Arákùnrin náà yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, èwo la fi ń ránṣẹ́ nínú wọn?" Ó ti kọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ tán o. Aria-label kan péré, ìyẹn orúkọ tí a ń kọ sínú kóòdù fún bọ́tìnnì, ló kù.

Nítorí náà, ẹ má fi div, ààyè lásán nínú kóòdù, ṣe bọ́tìnnì. Button gan-an ni kí ẹ lò, torí div lásán kò ní dá ẹni tó ń fi bọ́tìnnì Tab orí kọ̀ǹpútà rìn lóhùn. Kí àpótí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní label, ìyẹn orúkọ rẹ̀, kí àwòrán tó ní ìtumọ̀ ní alt, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí ẹ bá kọ Yorùbá, ẹ kọ lang="yo", kí ẹ̀rọ lè mọ èdè tó fẹ́ kà. Ní ti àwọ̀, WCAG, ìlànà tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún ìkànnì, gbé kalẹ̀, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kéékèèké àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Ẹni tó ń ka lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun nínú oòrùn ọ̀sán ní Dùgbẹ̀ á bá yín dúpẹ́.

Kì í ṣe orí ìkànnì nìkan o, ìgboro náà ń kọ́ mi. Oṣù Kìíní 2019 ni wọ́n buwọ́ lu òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Nàìjíríà, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 ọ̀hún ti pé. Síbẹ̀, ẹ wo iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà: pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí gọ́tà, lẹ́yìn rẹ̀ àtẹ̀gùn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ṣe ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ arọ, ó wá ga fíofío bí orí òkè. Ìwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé mọ̀ ni 1 sí 12: bí ẹnu ọ̀nà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ọ̀nà náà gùn ní mítà 3.6. Ìyá tó pọnmọ tó tún rùẹrù á gba ibẹ̀, bàbá tó ń tẹ̀pá á gba ibẹ̀. Ó sì rọrùn láti ṣe é dáadáa kí wọ́n tó da kọnkéré ju kí wọ́n wá máa fọ́ ọ.

Bí ẹ bá parí fọ́ọ̀mù yín, ẹ tan TalkBack, ẹ dijú, kí ẹ gbìyànjú láti fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí kò ríran kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ̀ka Special Education, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn àkàndá ẹ̀dá, wà ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.