Ohun tí tábìlì oúnjẹ kọ́ mi nípa design thinking

Ìpele márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń tò kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ design thinking, ìyẹn ọ̀nà yíyanjú ìṣòro tó ń bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìṣòro náà: lóye ẹni tí o ń ṣe nǹkan fún, sọ ìṣòro rẹ̀ pàtó, ro oríṣiríṣi ọ̀nà àbáyọ, fi nǹkan pọ́ọ́kú ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, kí o sì gbé e fún èèyàn lò kí o lè rí ibi tó kù sí. D.school ti Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ìlànà yìí tàn káyé. Mo kà á, mo há a sórí. Àmọ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán ló ti yé mi.

Ẹ jókòó sí ilé oúnjẹ èyíkéyìí, ẹ ti fóònù bọ àpò, kí ẹ máa wo ọwọ́ àwọn èèyàn. Níbi tí mo ti ń jẹun, ìyá àgbàlagbà kan gba mẹ́nù, ó nà án síwájú, ó fà á mọ́ra, ó tan iná fóònù sí i, nígbà tó yá ó pa á dé, ó ní, “Ọmọ mi, kí lẹ ní nílẹ̀?” Ọkùnrin kan ká pépà, ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà máa mì. Ẹlòmíràn nawọ́ sókè láti pe ọmọ tó ń gbé oúnjẹ; ọmọ náà ò rí i, ló bá rọra fi ọwọ́ náà họ orí, bíi pé ohun tó fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ráhùn nínú wọn. Ká ní ẹ fún wọn ní fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe gbádùn ibẹ̀ sí, “Ó dára” ni wọn ì bá kọ, tinútinú ni wọn ì bá sì fi kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé fọ́ọ̀mù ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn a máa fọgbọ́n yí ìṣòro po títí yóò fi gbàgbé pé ìṣòro ni. Ibi tí ẹ bá ti rí pépà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀.

Doug Dietz, tó ń bá iléeṣẹ́ GE ṣe ẹ̀rọ MRI nígbà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí èèyàn máa ń sùn jẹ́ẹ́ sínú ẹ̀ kí wọ́n lè ya àwòrán inú ara rẹ̀, rí irú ẹ̀ nílé ìwòsàn. Lójú tiẹ̀, ẹ̀rọ náà ò lábùkù, títí ó fi rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń sunkún bí wọ́n ṣe ń mú un lọ sídìí ẹ̀. Dietz lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní d.school. Nígbà tó dé, kò fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ; yàrá àti ara ẹ̀rọ náà ni wọ́n kùn, tó fi dà bí ọkọ̀ ojú omi àwọn ajalèlókun, wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìtàn tí wọ́n á máa sọ fáwọn ọmọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní láti fún lóògùn kí wọ́n tó lè sùn jẹ́ẹ́ dín kù.

Sísọ ìṣòro pàtó ló le jù, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù. Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà sọ fún mi pé, “Àwọn òṣìṣẹ́ mi ló ń fà, àfi kí n gbà sí i.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká jọ wò wọ́n ná.” A wò wọ́n. Wọn ò fà rárá. Àwo tí wọ́n gbé dání ni wọ́n ń wò kó má baà dà, wọn ò lè rí ẹni tó ń nawọ́. Oníbàárà ò sì bínú pé òun ń dúró. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ti rí òun ni. Tí ẹ bá béèrè pé báwo lẹ ṣe máa mú kí wọ́n yára, owó oṣù òṣìṣẹ́ tuntun ni ìdáhùn. Tí ẹ bá béèrè pé báwo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti rí òun, ìdáhùn pọ̀ lọ jàra: ẹ gbé omi síwájú rẹ̀, ẹ mi orí sí i, ẹ ní “Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.” Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò, ọwọ́ nínà sì dín kù.

Ti mẹ́nù, páálí àti máákà la lò: lẹ́tà gàdàgbà, oúnjẹ díẹ̀, tábìlì kan ṣoṣo. Àwọn àgbà rí i kà. Àmọ́ bí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á yí páálí náà wò lẹ́yìn, bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. A ò retí ìyẹn. A bá kọ ìyókù sẹ́yìn. Ká ní a ti lọ tẹ ọ̀pọ̀ jáde ni, bóyá àwọn oníbàárà là bá máa dá lẹ́bi.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹ mú bíírò dání, ẹ kọ ohun tí ọwọ́ àti ojú èèyàn ń ṣe. Èrò tiyín, ẹ kọ ọ́ sójú ewé mìíràn. Ẹ má ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò láìgbàṣẹ. Kí ẹ sì ṣọ́ ìgbà tí oúnjẹ ti tán tí owó ò tíì san: àwo ti ṣófo, àpamọ́wọ́ ti wà lórí tábìlì, oníbàárà ń wá ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ kó lè máa lọ. Mi ò tíì rí ilé oúnjẹ tó bójú tó àkókò yẹn dáadáa.