Wọ́n dáwó jọ fún Àánú

Ìyá aládìrẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó àjọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ni. Nítorí ajá mi o! Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa.

Àánú, ọmọ ajá tí mo gbé kúrò nínú gọ́tà ní Láfẹ́ńwá, bẹ̀rẹ̀ sí í bì lálẹ́ àná. Nígbà tó fi di ìdájí, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà. Mo gbé e wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, ní Alábàtà. Erìgì rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ. Síbẹ̀, tí mo bá ti pe orúkọ rẹ̀, ìrù rẹ̀ á mì díẹ̀. Ìrù yẹn ni kò jẹ́ kí n sọ̀rètí nù.

Dókítà ní parvo ni, àrùn inú tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì máa ń fà fún ajá. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò yẹn fúnra rẹ̀. Dírípù ni wọ́n fi ń dá omi tó ti bì tó sì ti yà padà sí i lára, kó lè rí agbára bá a jà.

Owó ọwọ́ mi ò tó ìdajì. Mo kọ ọ́ síbí, ẹ sì dìde. Ọmọdékùnrin kan ní Ọ̀bàńtokò tí a ò rí ara wa rí fi 500 náírà ránṣẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi fọwọ́ pa á lórí." Èyí ló mú mi bú sẹ́kún.

Dírípù ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo wà, ẹ tètè gbà á fún ọmọ ajá yín. Ta ni parvo ti ṣe ajá rẹ̀ rí, tí ajá náà sì yè é? Ìgbà wo ló padà jẹun?