Aṣọ Òtútù Mi àti Erùpẹ̀ Orí Òkè Alps

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Switzerland, jákẹ́ẹ̀tì búlúù kan tó rọ̀ múlọ́múlọ́ ni mo tètè wá rà. Òtútù ibí ń wọ eegun. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wọ̀ ọ́, tí mo sì ń sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì bèèrè rí pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ike ni. Polyester tí wọ́n kọ sí ọrùn rẹ̀ yẹn, ike tí wọ́n yọ́, tí wọ́n fà bí òwú ni.

Bí mo ṣe wá mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Mo gba iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan, ọmọ ibí, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀. Nígbà ooru, mo tẹ̀ lé wọn gun òkè Alps níbí lọ bu erùpẹ̀. Wákàtí mẹ́rin la fi rìn. Kò sí títì, kò sí ilé, àfi òkúta, koríko kúkúrú, àti omi yìnyín tó ń ṣàn bọ̀ látòkè. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ibí yìí mà mọ́ o." Ọ̀gá mi ò fèsì. Síbí irin àti ìgò ni wọ́n ní ká lò. Ike kankan ò gbọdọ̀ kan erùpẹ̀ náà. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé aṣọ òwú ni kí n wọ̀, mo sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé mi lára, mo fa jákẹ́ẹ̀tì mi yọ nínú àpò, mo gbé e wọ̀, mo sì ń bu erùpẹ̀ lọ.

Nígbà tí a padà dé láàbù, a da erùpẹ̀ náà sínú omi iyọ̀ tó ki. Òkúta àti iyanrìn á rì, ike á léfòó. A sẹ́ ohun tó léfòó, a gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù. Ọ̀gá mi pè mí kí n wá wò ó: fọ́nrán búlúù mẹ́ta, wọ́n lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n ń dán. Wọ́n lọ fa fọ́nrán kan yọ lára jákẹ́ẹ̀tì mi tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà.

"A ò lè lo èyí mọ́," ni wọ́n wí.

Ìgò mẹ́fà la dà nù. Ó dùn mí gan-an. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Wọ́n ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Wá wo àwọn tí mo bù kí o tó wọ jákẹ́ẹ̀tì."

Mo wò ó. Fọ́nrán wà níbẹ̀ náà, pupa, dúdú, àti ọ̀kan tó mọ́ gaara, pẹ̀lú èérún funfun kan tó rí bí ìpẹ́ ẹja. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sínú ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ dá nǹkan mọ̀, ike ni púpọ̀ nínú wọn.

Afẹ́fẹ́ ló gbé wọn débẹ̀. Èérún ike tí kò tó mìlímítà 5, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní microplastics, fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn lè gbé e kọjá òkè. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 fi oṣù márùn-ún gba ohun tó ń bọ́ látojú ọ̀run sórí òkè Pyrenees ní ilẹ̀ Faransé, níbi tó jìnnà sí ìlú. Ìpíndọ́gba èérún 365 ló ń balẹ̀ lójúmọ́ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóròó, àwọn kan sì ti rìn tó kìlómítà 95. Níbí, àwọn olùwádìí Yunifásítì Bern yẹ ilẹ̀ etí odò 29 tí ìjọba ń dáàbò bò wò, wọ́n sì rí èérún ike nínú ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún erùpẹ̀ tí wọ́n bù. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde. Díẹ̀ lára àwọn ibẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn lè fi dé e. Lórí Everest pàápàá, òkè tó ga jù láyé, wọ́n rí i nínú yìnyín ní mítà 8,440, polyester ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ àwọn tó ń gun òkè.

Yìnyín máa ń yọ́ lọ. Erùpẹ̀ kì í lọ síbì kan. Ti orí òkè fẹ́lẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló sì gbà kó tó di erùpẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Jámánì fi hàn pé fọ́nrán polyester ń yí bí erùpẹ̀ ṣe ń ṣù pọ̀ àti bó ṣe ń gba omi dúró padà. Ní Netherlands, ekòló tó jẹ ewé gbígbẹ tí wọ́n po ike mọ́ kò dàgbà bó ṣe yẹ, òmíràn kú. Ike tí wọ́n lò nínú ìdánwò yẹn pọ̀ gan-an, n kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lórí òkè lónìí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń balẹ̀, ekòló sì ń wọ́ ọ lọ sínú ihò, níbi tí kò sí ẹni tó lè ṣà á jáde.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, wọ́n ní. Ti ike yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń wọ irú jákẹ́ẹ̀tì mi yìí, tí a sì ń fọ̀ ọ́, ni fọ́nrán ń já lára rẹ̀. Ekòló orí òkè ò fọ jákẹ́ẹ̀tì rí, òun ló sì ń gbé e mì. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi bóyá kí n sọ jákẹ́ẹ̀tì náà nù. Wọ́n ní rárá, ṣé kí n tún lọ ra òmíràn ni? Kí n máa wọ̀ ọ́ títí yóò fi gbó, kí n má máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n má sì tún gbé e gun òkè mọ́. Lóṣù tó kọjá a tún lọ. Súwẹ́tà onírun àgùntàn méjì ni mo wọ̀ lérí ara wọn, òtútù ṣì mú mi. Mo kúnlẹ̀, mo kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, mo bu ìgò àkọ́kọ́, mo sì dé e kíákíá.