Ẹ Dárúkọ Ibi Tí Ẹ Fẹ́ Dé Kí Ẹ Tó Sanwó: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Tọ́kì

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti Tọ́kì dé, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná kí n tó kọ nǹkan kan. Èmi mọ ara mi. Bí inú mi bá rọ̀, mi ò ní kọ ọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìlú Ọba bíi tèmi, tí ọjọ́ ìsinmi yín kò pọ̀, tí ẹ máa ń wá ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n á ti ṣètò mọ́tò, òtẹ́ẹ̀lì àti amọ̀nà sí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo rí gbà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi yan Tọ́kì nìyí. Ọmọ Kétu ni ìyá bàbá mi, Kétu tó bọ́ sábẹ́ Faransé, tí wọ́n kà mọ́ Dàhòmì nígbà náà. Bí màmá bá ti ń sọ ìtàn ilé wọn, kì í pẹ́ tó fi máa ń kan Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá tó bí wọn lọ́mọ, tí Faransé mú lọ sógun tí kò sì padà wálé. Wọn ò rí òkú rẹ̀ sin. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìròyìn. "Ogun òkè òkun" ni màmá máa ń sọ, wọ́n á sì dákẹ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé àwọn ọmọ ogun dúdú tí Faransé ń pè ní ará Sẹ̀nẹ̀gàl kì í ṣe ará Sẹ̀nẹ̀gàl nìkan. Gbogbo ilẹ̀ tí Faransé gbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó wọn, Dàhòmì náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n kó nínú wọn lọ bá àwọn ará Tọ́kì jà ní Gallipoli, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Itẹ́ òkú àwọn Faransé ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, létí omi Morto, nítòsí abúlé Seddülbahir.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré kú sí. Ẹnì kan ti fi ìyẹn bú mi nínú ìdílé wa, pé mo lọ ń sunkún lórí sàréè ẹlòmíràn. Mi ò wá ẹ̀rí lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan láti ilé wa dúró níbẹ̀, kó pe orúkọ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan. Éfésù tí a ń kà nínú Bíbélì sì tún wà nínú ìrìn àjò kan náà. Mo ní òkò kan ni màá fi pa ẹyẹ méjì.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣètò ìrìn àjò náà lórí WhatsApp. Mo bi wọ́n pé, "Ṣé a máa dé Gallipoli?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni màdáámù, odindi ọ̀sán kan." Mo sanwó. Ẹ rántí ìbéèrè yẹn, nítorí òun ni mò ń jìyà rẹ̀ títí di báyìí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la kúrò ní Istanbul. Ó ti di ọ̀sán gangan kí a tó jẹun ní Eceabat, ìlú kékeré tó wà létí omi ní Gallipoli. Wọ́n mú wa lọ sí Anzac, etíkun kékeré tí kò gùn ju bíi 600 mítà lọ, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà àti New Zealand ti gúnlẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 1915. Òkè gàgàrà ló wà níwájú wọn, àwọn ará Tọ́kì sì wà lórí òkè. Ìgbà tí mo dúró sísàlẹ̀ tí mo gbójú sókè ni mo mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ fún wọn. Láti ibẹ̀ a lọ sí Lone Pine, níbi tí igi kan ṣoṣo ti dúró láàárín àwọn sàréè. Ìyá àgbàlagbà kan láti Ọsirélíà wà nínú mọ́tò wa tí àbúrò bàbá-bàbá rẹ̀ kú síbẹ̀. Amọ̀nà bá a wá orúkọ náà lára ògiri, gbogbo wa dúró dè é, kò sẹ́ni tó wo aago. Wọ́n rí i. Èmi pẹ̀lú wọn ni mo jọ sunkún. Mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé tèmi náà ń bọ̀ láìpẹ́.

A rí yàrà tí wọ́n gbẹ́ láti máa fara pamọ́ nígbà ogun. Níbòmíràn, títì ọkọ̀ lásán ló wà láàárín yàrà àwọn ọ̀tá méjèèjì. A dé itẹ́ òkú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹtàdínlọ́gọ́ta ti Tọ́kì, àwọn tí Mustafa Kemal, ọ̀gá ogun wọn tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ Tọ́kì, sọ fún pé òun kò pàṣẹ pé kí wọ́n lọ jà, òun pàṣẹ pé kí wọ́n lọ kú. A gun òkè Chunuk Bair, níbi tí àfọ́kù ìbọn ti bá Mustafa Kemal yìí kan náà láyà tó jẹ́ pé aago inú àpò rẹ̀ ló gbà á. Ó dára, mi ò parọ́. Amọ̀nà yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, a sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Mo ti fi àmì sí itẹ́ òkú náà lórí máàpù inú fóònù mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ń wò ó. A dé oríta. Pátákó kan júwe ọ̀nà gúúsù, ọ̀nà Seddülbahir. Mo ti wọ kóòtù mi, mo ti fa àpò mi sára, mo mú ìwé pélébé tí mo kọ orúkọ Bàbá Kékeré sí jáde. Mọ́tò yà sí ọ̀nà Eceabat.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ ra epo. Mo wo fóònù. Àmì búlúù tó dúró fún wa ń sún, ó ń jìnnà sí itẹ́ òkú náà díẹ̀díẹ̀. Mo dìde. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí àwọn Faransé wà ń kọ́?" Amọ̀nà yíjú, ó rẹ́rìn-ín múṣẹ́, ó ní, "Màdáámù, ibẹ̀ kò sí nínú ètò wa. Anzac la wá." Mo ní, "Gallipoli ni mo sanwó fún." Ó ní, "Gallipoli nìyí."

Òótọ́ ló sì sọ. Ohun tó gún mi lọ́kàn jù nìyẹn. Kò purọ́ fún mi, kò sì jà mí lólè. Mo dúró láàárín mọ́tò bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé ní ọjà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kò lè tó ogójì ìṣẹ́jú láti débẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tí a máa wọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òtẹ́ẹ̀lì ń retí wa, àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù sì ti rẹ̀. Mo wo ojú àwọn mẹ́tàdínlógún náà. Ẹnì kan ń wo aago. Ẹnì kan tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ kó má baà rí mi. Àwọn tí mo bá sunkún ní Lone Pine nìwọ̀nyí o! Mo jókòó. Mo fi kóòtù bojú mi, mo sunkún débi pé ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Ìyá àgbàlagbà yẹn ló wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan títí a fi sọdá sí Çanakkale, ìlú tí òtẹ́ẹ̀lì wa wà lódìkejì omi. Mi ò jẹun alẹ́.

Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ìloro òtẹ́ẹ̀lì ló ràn mí lọ́wọ́. Ó bá mi pe awakọ̀ kan lódìkejì omi. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ kùtùkùtù lọ sí Kilitbahir, awakọ̀ gbé mi lọ, mo lo ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, mo sì padà dé kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Mi ò lè sọ iye tí mo san, ọkọ mi máa ka èyí. Ó tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé kí ẹ dárúkọ ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ má dárúkọ agbègbè. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Ìjẹ̀bú kò tíì sọ ibi tó ń lọ. Ilẹ̀ gígùn tó yọ wọnú omi ni Gallipoli. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn Ọsirélíà ti jà, ọ̀tọ̀ ni ìkángun gúúsù níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jà, ọ̀tọ̀ tún ni ìlú Gelibolu tó ń jẹ́ orúkọ náà gan-an, tó sì jìnnà sí ojú ogun méjèèjì. Àwọn tó ń wá láti Ọsirélíà àti New Zealand pọ̀ gan-an nínú àwọn tó ń sanwó, nítorí náà Anzac ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ọlọ́jọ́ kan ń lọ. Ọjà ni. Àwọn ará Tọ́kì tó kú níbẹ̀ lé ní 80,000, àwọn Ọsirélíà lé ní 8,000, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó mọ́tò ni mọ́tò ń gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì, ọmọ ìyá ìkíní ni: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ fún yín, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tí ẹ máa lò níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "Gallipoli", ẹ dá a padà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ètò ìrìn àjò wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ló dé tí n kò kà á. Mo kà á. "Ojú ogun Gallipoli àti àwọn itẹ́ òkú" ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa rò?

Orúkọ lè tan èèyàn jẹ níbẹ̀ yẹn, ẹ gbà mí gbọ́. Hisarlık ni orúkọ òkè tí wọ́n kọ́ òpó ìrántí ńlá àwọn ọmọ ogun Tọ́kì sí, lókè omi Morto. Hisarlık náà ni òkè tí àwókù ìlú Troy wà, lódìkejì omi. Bí mo bá sọ fún awakọ̀ pé Hisarlık ni mò ń lọ, Ọlọ́run ló mọ ibi tí ǹ bá bá ara mi.

Troy ni a lọ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá ń retí ààfin, ẹ máa bínú. Òkúta ni, àti ògiri tó wó lé ògiri. Ìlú mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Schliemann, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ibẹ̀ ní 1871, gbẹ́ kòtò ńlá kan gba àárín wọn kọjá nítorí pé ó ń kánjú láti rí ìlú Priam, ọba Troy nínú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì. Ó rí wúrà ní 1873, ó pariwo pé ti Priam ni. Wúrà náà fi ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dàgbà ju àsìkò Priam. Moscow ló wà báyìí. Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà kò béèrè pé Troy wo!

Lórí òkè yẹn ni amọ̀nà wa ti sún mọ́ mi wẹ́rẹ́. Ó nawọ́ sí ibi tí omi ti ń dán lókèèrè, ó ní Kumkale nìyẹn, pé ibẹ̀ ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin yẹn, pé àwọn ọmọ ogun dúdú láti Áfíríkà wà lára wọn, pé wọ́n jà lóru kí wọ́n tó kó wọn sọdá sí Seddülbahir. Ó mọ gbogbo rẹ̀! Ká ní mo dárúkọ wọn fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá ì bá ti wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bínú sí i lẹ́yìn ìyẹn. Mo ṣì ń bínú sí àwọn tó gba owó.

Bergama, tí Bíbélì pè ní Pẹ́gámù, ibi dídagun ni. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó jókòó lókè kó máa wo gbọ̀ngàn ìran tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè bí ẹni fẹ́ já bọ́. Ẹnì kan ń bi wá pé pẹpẹ Zeus, òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́, dà. Ìpìlẹ̀ àti igi ló kù. Berlin ni pẹpẹ wà. (Ṣé ẹ rí i? Ẹ béèrè!)

Éfésù dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Mo jókòó nínú gbọ̀ngàn ńlá tó gba bíi 24,000 èèyàn, níbi tí wọ́n ti fi wákàtí méjì pariwo pé òrìṣà ńlá ni Dáyánà. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, òkúta mábù ọ̀nà yẹn ń yọ̀ bí ilá. Ológbò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé àwọn olówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tí àwòrán ṣì wà lára ògiri wọn, tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ yàtọ̀, kò sí nínú owó tí a san, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa. N kò tún ní sọ ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe kí ẹ tó sanwó.

Àwọn tó ṣètò ìrìn àjò náà ti fèsì sí ẹ̀sùn mi. Wọ́n ní àwọn máa yọ díẹ̀ nínú owó ìrìn àjò tó kàn fún mi. Ìrìn àjò wo ló kàn?

Mo fi àwòrán itẹ́ òkú náà ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi ní Kétu, àwọn àgbélébùú tó tò lọ bẹẹrẹbẹ, àti ilé òkúta tí wọ́n kó egungun àwọn tí wọn ò mọ orúkọ wọn sí. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ padà. Wọ́n súre fún mi pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá mo rí orúkọ ilé wa níbẹ̀. Mo ní ogún ìṣẹ́jú péré ni mo ní, mi ò kà á tán. Wọ́n ní, "Ìlà mélòó lo kà?" Mo ní mẹ́ta. Wọ́n ní kí n wá ọjọ́ padà lọ ka ìyókù.