Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ní Èkìtì

Ẹ̀yin ará Èkìtì kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tó jẹ́ oṣù kẹwàá ni wọ́n ń búra fún gọ́mìnà tiwa, nígbà tó jẹ́ May 29 ni ti Ọ̀yọ́ àti Ògùn. Mo gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ ìjókòó.

October 1, 1996, tí Abacha yọ wá kúrò lára Ondo, kò sẹ́ni tí ò mọ ìyẹn, wọ́n ń kọ́ wọn ní sùkúù. Ọjọ́ 16 ni kì í kúrò lọ́kàn tèmi.

Lọ́dún 2006, ọmọ iṣẹ́ lèmi náà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì. Mọ́ńdè ni. Ọ̀gá mi ń ran bùbá lọ, rédíò wà lórí tábìlì tá a fi ń gé aṣọ, ni wọ́n bá ní àwọn aṣòfin ti yọ Gọ́mìnà Fayose àti igbákejì ẹ̀, Abiodun Olujimi, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ, kò sọ nǹkan kan, ó kàn na ọwọ́ yí rédíò sókè. Wọ́n búra fún Friday Aderemi tó jẹ́ Sípíkà, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí Ọbásanjọ́ fi kéde ìjọba pàjáwìrì, ó rán Adetunji Olurin, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, wá máa darí wa. Sítéètì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá o! Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí.

Ìbò oṣù kẹrin 2007 ló wá dá ẹjọ́ sílẹ̀. Segun Oni tí wọ́n kéde pé ó wọlé wà lórí àga, Fayemi tó bá a du ipò náà wà ní kọ́ọ̀tù, wọ́n tún ìbò dì láwọn ibì kan ní 2009, ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀, àfìgbà tí kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin dá a fún Fayemi ní Fúráìdè, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2010. Àwọn tó wá gba aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní Sátidé gbàgbé aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ìgbálẹ̀, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú Fayemi, jáde, wọ́n ń jó lọ sí Fájuyì. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ 16, wọ́n búra fún un. Ọjọ́ tí gọ́mìnà bá búra ni wọ́n sì ti ń ka ọdún mẹ́rin ẹ̀, ibi tá a ti kúrò ní May 29 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe Ọ̀ṣun àti Ondo.

Ọdún 2014 pé, Fayemi lọ, Fayose padà dé. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá náà ni, ọdún mẹ́jọ géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Fayemi tún gbà á ní 2018, Oyebanji ní 2022, ọjọ́ kan náà.

Ọmọ yẹn ń ka ìka ọwọ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n fi ṣẹjọ́ ìbò kan ṣoṣo?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.