Ẹ Má Ní Kí N Nàró Mọ́

Inú ìrun àṣámù ni mo ti kọ́kọ́ fura, ọdún 3 sẹ́yìn. Bí lèmọ́mù bá ti fa kéwú gùn, ìdí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, á gba ẹ̀yìn itan dé ojúgun, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á wá kú bí ẹni pé orí òwú ni mo dúró sí. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ sí rúkúù báyìí, tí a tẹ̀ síwájú, tí a gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó tán. Mo ní àánú Ọlọ́run ni. Àánú Ọlọ́run náà ni, àmọ́ ó ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó tún rú mi lójú ni ti òkè. Ìsàlẹ̀ Ọjà'ba nílé wa wà. Tí mo bá ń gun òkè Mapo, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mò ń lọ. Ìgbà tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni ẹsẹ̀ ń yọ mí lẹ́nu. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín? Àwọn tó kọ́kọ́ wò mí ní làkúrègbé ni, oògùn ìrora ni wọ́n ń fún mi ṣáá títí inú fi ń ta mí. Àwọn ọmọ mi ní tiwọn: "Mọ́mì, ẹ nàró, ẹ ti ń tẹ̀ jù."

Fisiọ kan, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan, ọmọdé tí ǹ bá ti kọ́ ní prámárì, ló béèrè ohun tẹ́nìkan ò béèrè rí: "Màmá, kí lẹ máa ń ṣe tó fi máa ń rọlẹ̀?" Mo ní rúkúù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé fọ́tò ẹ̀yìn mi jáde. Inú eegun ẹ̀yìn, ihò gígùn kan wà tí iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀ ń gbà kọjá. Tèmi ti fún nísàlẹ̀, láàárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún. Spinal stenosis ni wọ́n ń pè é. Tí mo bá nàró, ihò á tún fún sí i. Tí mo bá tẹ̀ síwájú, á là díẹ̀. Kéèyàn máa gun òkè sì rèé, títẹ̀ síwájú ni.

Iṣan yẹn kan náà ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Abájọ tí mo fi ń fẹ́ ṣubú nílé ìwẹ̀ tí mo bá dijú nítorí ọṣẹ. Ó ní kí n dìde lórí àga, kí n rin mítà 3, kí n padà wá jókòó. Ìṣẹ́jú àáyá 19 ni mo lò. Ojú tì mí.

Nílé, màá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, màá fa orúnkún mọ́ àyà. Màá káwọ́ mọ́ àyà, màá máa dìde lórí àga, màá máa jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, màá fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, ẹyọ ẹsẹ̀ kan ló kàn bíi lékeléke. Ọmọ-ọmọ mi ló ń kà á. Ó máa ń fo 7, mo sì máa ń dákẹ́. Èyí tó le jù fún mi ni rínrìn: kí n jókòó kí ìrora tó le, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti borí mi. Ìgbéraga ò jẹ́. Irin onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ní kí n máa tì dára púpọ̀, nínú ọgbà ilé. Ta ló fẹ́ tì í kọjá gọ́tà Ìbàdàn? Ọ̀pá ni mò ń mú jáde.

Fisiọ náà kìlọ̀ fún mi pé tí ìtọ̀ bá dá ara rẹ̀ jáde, tàbí tí abẹ́ bá kú, ọsibítù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀la.

Lẹ́yìn oṣù 2, ìṣẹ́jú àáyá 13. Jímọ̀ọ̀ tó kọjá, mo dé Mapo, mo sì sọ̀kalẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó sórí àpótí ìyá aláta. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó wò mí: "Àlàájà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti jókòó o, ẹ ò tíì ra nǹkan kan." Mo ra tàtàṣé.