Eku méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ohun tí ojú mi rí nídìí pípa iṣẹ́ pọ̀ ní kíláàsì

Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Èmi lé méje. Kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́ nígbà náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé èèyàn lè pa iṣẹ́ oríṣiríṣi pọ̀ kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ àkòrí kan. Àkòrí tí mo mú ni "Omi". Mo jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ya tábìlì gbọọrọ kan, mo to orúkọ iṣẹ́ méjèèje sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì wá omi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ìṣirò, wọn á ka ẹja inú àwòrán. Ní sáyẹ́ǹsì, bí omi ṣe ń di ìkùukùu tó tún ń padà di òjò. Ní ìtàn, àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi rìn kiri ayé. Ewì òjò wà níbẹ̀, orin òjò wà níbẹ̀, wọ́n á kun òkun ní búlúù. Nígbà tó kan eré ìdárayá, mo ní kí wọ́n máa mi ọwọ́ bí ìgbì! Tábìlì náà dùn-ún wò. Mo fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n kan sáárá sí mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo bi ọmọ kan pé kí ló kọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "A kọ́ omi, Tíṣà." Mo ní kí ni nípa omi? Ó wò mí lójú, ó ní, "Ó pọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń ṣe ìlọ́po àti ìpín onínọ́ńbà ńláńlá, èmi ní kó máa ka ẹja. Iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kìíní nìyẹn. Ìṣirò yẹn kò nílò omi, omi náà kò sì nílò ìṣirò yẹn.

Láti ìgbà náà, kí n tó kọ lẹ́sìn nóòtù kankan, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo iṣẹ́ kan nínú ètò mi. Bí èyí tó kù bá ṣì ń dá rìn tí nǹkan kan ò sọnù lára rẹ̀, mo mọ̀ pé okùn lásán ni mo fi so àwọn méjèèjì mọ́ra bí ewúrẹ́. Ìbéèrè ló ń pa iṣẹ́ pọ̀, àkòrí ò lè ṣe é: ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ kan kò lè dá nìkan dáhùn.

Ọmọ kan ló sì bá mi rí èyí àkọ́kọ́ tó yọrí. Ó gbọ́ nínú ìròyìn ojú ọjọ́ pé òjò mìlímítà méjìlá rọ̀. Ó gbé e wá sí kíláàsì: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lítà kọ́ la fi ń wọn omi ni? Báwo ni òjò ṣe wá di ohun tí wọ́n ń fi rúlà wọ̀n bí igi?" Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì la wà lọ́wọ́. Mo ya ẹnu láti dá a lóhùn, mo wá rí i pé sáyẹ́ǹsì nìkan ò lè gbé e.

A wá ike omi kan tí ara rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. A gé orí rẹ̀, a dorí rẹ̀ kodò sínú ìyókù bí àrọ. Ìdí ike máa ń rí kọ́lọkọ̀lọ, nítorí náà a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a wá bu omi lé e títí tó fi dọ́gba, a fa ìlà síbẹ̀: òdo nìyẹn. A lẹ rúlà mọ́ ara rẹ̀ láti ìlà yẹn lọ sókè, a gbé e síta gbangba, kó jìnnà sí igi àti ògiri. Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, àwọn ọmọ méjì á lọ kà á, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì da omi náà padà sí òdo.

Ìṣirò ibẹ̀ rèé. Ẹ mú ilẹ̀ tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ìbú rẹ̀ náà jẹ́ mítà kan. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí rẹ̀, tí kò rin ilẹ̀, tí kò ṣàn lọ, omi náà jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà ní òró, 100 ní ìbú, 0.1 ní gíga. Ẹ fi wọ́n lọ́po ara wọn: sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 1,000. Lítà kan géérégé! Nígbà tí wọ́n rí i lójú pátákó, kíláàsì hó yèè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ iye omi tó bọ́ sórí òrùlé wa. A wọn kíláàsì náà: mítà 8 sí 6. Òjò mìlímítà 12 lórí ìyẹn, lítà 576. Ọmọbìnrin kan wá ní òrùlé dagun, ṣé kò yẹ ká wọn ibi tó dagun náà ni? Àríyànjiyàn ńlá. Àwọn fúnra wọn ló padà rí i pé ilẹ̀ tí òrùlé bò ló yẹ ní wíwọ̀n, torí láti òkè ni òjò ti ń bọ̀. N kò ní ìbéèrè yẹn nínú nóòtù mi rárá.

Ẹ má rò pé bó ṣe dùn tó nìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Nígbà àkọ́kọ́, 0.1 yẹn ló dá wa dúró. Mi ò tíì kọ́ wọn ní ìlọ́po nọ́ńbà tó ní ojú àmì, èmi rò pé òjò á fi kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Odidi wákàtí kan ni mo fi ń ṣàlàyé ojú àmì, nígbà tí a sì máa fi padà sórí òjò, ọ̀rọ̀ òjò ti tutù. Ní báyìí, irinṣẹ́ tí ọmọ máa lò, mo ti máa kọ́ ọ ní àkókò tirẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àwọn nǹkan kan tún wà tí mi ò jẹ́ pa pọ̀ mọ́ ohunkóhun: ìpín olójú gígùn, àkọtọ́, irú àwọn tó jẹ́ pé àṣetúnṣe ló ń jẹ́ kó wọ orí.

Máàkì náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo máa ń fún iṣẹ́ àpapọ̀ ní máàkì kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀. Ọmọ kan ya àwòrán òjò tó rẹwà, mo fún un ní 18 nínú 20. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìṣirò inú rẹ̀, ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti wò ó kọ. Mo wá ń fi gègé aláwọ̀ méjì kọ èròǹgbà sínú nóòtù: búlúù fún ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nínú ìṣirò, pupa fún ti ẹ̀kọ́ kejì. Máàkì náà sì di méjì. Bí mi ò bá rí ohun tó nípọn kọ ní ọ̀kan nínú àwọ̀ méjèèjì, mo fa iṣẹ́ náà yọ nínú ètò. Méjì ti tó. Ó lè di mẹ́ta bó bá wá fúnra rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ pé àṣà ìgbàlódé tó máa kọjá lọ ni gbogbo èyí. Ní 1896 ni John Dewey, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Chicago, tí àwọn ọmọ ń ti ibi iṣẹ́ káfíńtà, aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè kọ́ ìṣirò àti ìtàn. Bó bá jẹ́ àṣà ni, ó ti pẹ́ kó tó kọjá.

Fún kíláàsì kẹfà, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àrùn onígbáméjì tó jà ní Soho, nílùú London, ní 1854. Ó lé ní 500 ènìyàn tó kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Afẹ́fẹ́ burúkú ni ọ̀pọ̀ dókítà sọ pé ó fà á. Dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow ní omi ni. Mo fún wọn ní máàpù òpópónà tí mo yà fúnra mi, mo sàmì sí ibi tí ènìyàn ti kú àti ibi tí pọ́ǹpù omi wà, mi ò sọ ìdáhùn. Kí wọ́n fi rúlà wọn jíjìnnà. Lẹ́yìn náà ni mo tó ń yọ ẹ̀rí sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: ilé àwọn aláìní kan wà nítòsí, ènìyàn 535 ló ń gbé inú rẹ̀, márùn-ún péré ló kú. Kí ló dé? Wọ́n ṣírò rẹ̀, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan ní bóyá wọ́n ní kànga tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Obìnrin kan tún wà ní Hampstead, ibi tó jìnnà, ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn omi pọ́ǹpù Broad Street, òpópónà kan ní Soho, débi pé wọ́n ń gbé e lọ fún un. Òun náà kú. Ìgbà tí mo bá ka ìyẹn, kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ǹpù náà, kí ẹnikẹ́ni má baà pọn omi rẹ̀ mọ́. Mo máa ń rò pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, títí mo fi ní kí wọ́n ya gíráàfù rẹ̀. Nínú àwọn tí àrùn náà pa, 143 ló kọ lù ní ọjọ́ 1. Ní ọjọ́ 8, ó ti di 12. Ìlà náà ti ń sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sá kúrò ládùúgbò. Snow fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ pín sí méjì: àwọn kan ní ọwọ́ pọ́ǹpù tí wọ́n yọ ló gbà wọ́n là, àwọn kan ní àrùn náà ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Agogo lù, wọn ò dákẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ bí àròkọ, ojú ìwé kan.

Ọmọkùnrin kan tí kì í kọ ju ìlà mẹ́rin lọ mú ojú ìwé kan àti àbọ̀ wá. Ó fa gíráàfù náà sáàárín, ó fi ọfà tọ́ka sí ọjọ́ 8, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó dáa bí wọ́n ṣe yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìlà yìí ò lè jẹ́rìí sí i."